Ìtẹ̀ka Tí Mo Fi Sí Fèrèsé Opó

Ẹ má ṣàánú mi. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn ayé wọn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yín, àánú ni wọ́n ń wá. Èmi ò wá a. Ohun tí mo ṣe, ojú mi là kedere nígbà tí mo ṣe é, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n.

Dobrila lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá àwọn ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ ní ìlú kékeré kan ní Serbia, létí odò Morava. Mi ò dárúkọ ìlú náà, àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn. Èmi kì í mú olè, mi ò sì gbé ìbọn rí. Tí wọ́n bá ti fọ́lé tàbí tí wọ́n pa èèyàn, èmi àti Ratomir tó ń ya fọ́tò la máa ń kọ́kọ́ wọlé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan.

Èmi ni mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ́n lẹ́búlẹ́bú dúdú sára ilẹ̀kùn, ife àti fèrèsé, títí ìtẹ̀ka ẹni tó fọwọ́ kàn án á fi yọ. Màá fi téèpù ká a, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí funfun, màá kọ ibi tí mo ti rí i sí abẹ́ rẹ̀, màá sì buwọ́ lù ú. Tí mo bá ti buwọ́ lù ú, ó parí. Adájọ́ kì í bi ìtẹ̀ka pé ta ni bàbá ẹ.

Ọkùnrin kan wà tí mo kórìíra. Momir ni wọ́n ń pè é, àbúrò ọkọ mi àtijọ́ ni.

Nígbà tí èmi àti Stojan ọkọ mi ń kọra wa sílẹ̀, tí a ń du Anđelija, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Momir ló wá jẹ́rìí ní kóòtù. Ó ní ojú òun báyìí lòun fi rí mi tí mo ń fi bẹ́líìtì na ọmọ náà, tí ọtí ń rùn lẹ́nu mi. Mi ò na ọmọ yẹn rí láyé mi. Ó tún ní mo máa ń ti ọ̀dọ̀ òkú bọ̀ láì fọwọ́, màá sì fi ọwọ́ yẹn gé búrẹ́dì fún un. Adájọ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́jọ fún bàbá rẹ̀, wọ́n sì fún èmi ní Sọ́ńdè méjì lóṣù.

Ilé Momir àti ti Stojan wà nínú àgbàlá kan náà. Gbogbo Sọ́ńdè tí mo bá lọ mú ọmọ mi, Momir á ti dúró lẹ́nu géètì. Á pariwo sínú ilé pé kí wọ́n múra fún ọmọ o, Ìyá Olókùú ti dé. Tí mo bá dá a padà, á na ọwọ́ jáde, á wo aago, á sọ iye ìṣẹ́jú tí mo fi pẹ́.

Ọdún márùn-ún ni mo fi gbé e mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé irú ẹ̀ mì rí mọ̀ pé kì í lọ sí ikùn. Ọ̀nà ọ̀fun ló máa ń dúró sí.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún karùn-ún yẹn, wọ́n fọ́ ilé Ìyá Perunika. Opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, òun nìkan ló ń dá gbé. Obìnrin tó máa ń gbé wàrà wá fún un ló bá a nílẹ̀ ilé ìdáná láàárọ̀. Ẹnì kan ti gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé, ó ti tì í ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti lọ. Ohun tó lè sọ kò ju pé ọkùnrin ni, ó fi aṣọ bojú.

Èmi àti Ratomir lo gbogbo òwúrọ̀ lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Férémù igi àtijọ́ ni, wọ́n ti kun ún lọ́dà léraléra, ọ̀dà náà sì ti sán. Ohun tí lẹ́búlẹ́bú mi gbé jáde kò ju ibi tí nǹkan ti fà kọjá láìní ìlà ìka lọ. Onítọ̀hún wọ ìbọ̀wọ́. Ara gíláàsì fèrèsé náà mọ́ tónítóní. Ratomir ya gbogbo ẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé gíláàsì, kò sí nǹkan.

Orúkọ Momir ni gbogbo èèyàn ń dá. Òun àti Ìyá Perunika jọ ní ààlà, wọ́n sì ti ń jà lórí ọ̀nà tóóró kan láàárín ọgbà wọn láti ìgbà ọkọ obìnrin náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, níwájú ilé búrẹ́dì, Momir sọ lójú gbogbo ayé pé lọ́jọ́ kan òun á ti ìyá náà sínú kànga, kò sì ní sí ẹni tó máa béèrè rẹ̀. Ọ̀gá wa, Velibor, mú un, ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó tú u sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ìyá Perunika kú sí ọsibítù. Ìlú wá gbóná. Ẹnì kan sọ òkúta lu wíńdò ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Velibor pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kò ní kí n jókòó.

"Ọdún mọ́kànlá, Dobrila," ó ní. "Ilé tí wọ́n ti pa èèyàn, o ní o ò rí nǹkan kan. Ṣé iwin ló gba fèrèsé wọlé ni?"

Mo ní ìbọ̀wọ́ ló wọ̀.

"Padà lọ wò ó. Nǹkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí ojú ẹ ò bá ríran mọ́, sọ, kí n wá ẹni tí tiẹ̀ ń ríran."

N ò ní parọ́ mọ́ ọn. Kò ní kí n ṣe ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ ò ṣókùnkùn sí mi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n tún pe Momir. Mo pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ọtí rakija ń rùn lára rẹ̀. Ó dúró sí iwájú mi gan-an, kò jẹ́ kí n kọjá.

"Ìyá Olókùú," ó ní, "o ò tíì rí nǹkan kan? Tọ́jú búrọ́ọ̀ṣì ẹ, kó o fi kun èékánná." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Má wulẹ̀ wá ní Sọ́ńdè. Anđelija ò fẹ́ rí ẹ mọ́. Ó ní ọwọ́ ẹ ń rùn."

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn, ó ń súfèé.

Mo wo ọwọ́ mi. Òótọ́ ni mo ń sọ fún yín, mo gbé e sí imú, mo gbóòórùn rẹ̀.

Velibor náà ti jáde, ó ń lọ bá agbẹjọ́rò ìjọba. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ife kọfí méjì wà lórí tábìlì, àti gíláàsì omi kan níwájú àga àlejò, tí wọ́n mu dé ìdajì. Oòrùn ń ta sí i lára. Láti ẹnu ọ̀nà tí mo wà, mo rí àwọn ìka tó wà lára rẹ̀.

Mo kọjá. Mo rìn dé yàrá iṣẹ́ mi, mo jókòó, mo dìde. Mo padà. Mo ní lọ́kàn mi pé mo kàn fẹ́ kó àwọn ife náà lọ fọ̀ ni, torí obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ò wá lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ara mi ni mo pa á fún. Ta ló ń fi áńkáṣífù gbé gíláàsì tó fẹ́ fọ̀?

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mi. Mo fọ́n lẹ́búlẹ́bú sí i. Àtàǹpàkò Momir yọ sí mi, gbogbo ìlà rẹ̀ pé, ó dá ṣáká bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló yọjú tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fi téèpù ká a. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí.

Títí di ìgbà yẹn, mi ò tíì dẹ́ṣẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí. Páálí náà wà níwájú mi, ibi tí èèyàn ti ń kọ̀wé sí i ṣófo. Mo lè fà á ya. Mo lè kọ òótọ́ sí i. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi jókòó tì í, mo ń bá ara mi rojọ́. Mo ní òun náà ló pa á, gbogbo ìlú ló mọ̀. Mo ní ìbọ̀wọ́ ni kò jẹ́ kí òtítọ́ yọ, èmi kàn ń bá òtítọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ náà ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ṣe ibi.

Mo mú bírò. Mo kọ ọ́: "Fèrèsé ẹ̀yìn, férémù, apá ọ̀tún, lóde." Mi ò lè kọ gíláàsì fèrèsé, torí Ratomir ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan lára rẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Mo fọ gíláàsì náà, mo nù ún gbẹ, mo dá a padà sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà mo wa ọkọ̀ lọ sí ilé Ìyá Perunika, mo dúró lẹ́yìnkùlé rẹ̀ fún wákàtí kan, kí wọ́n lè rí mi níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ratomir wá bá mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ya fọ́tò fún ọlọ́pàá, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

"Dobrila, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo ya férémù yẹn," ó ní. "Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Mo ní ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kó lọ fẹ̀yìn tì kí àwọn tó ń ríran ráyè ṣiṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá méjì wà níbẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ratomir gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tó bá kan iṣẹ́.

Wọ́n lọ mú Momir nínú ọgbà èso rẹ̀. Wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé wọ́n rí ìtẹ̀ka rẹ̀. Ó rò pé àwàdà ni.

Ṣé kí n sọ bó ṣe rí lára mi? Ó dùn mọ́ mi. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo dé géètì yẹn, kò sí ẹni tó pè mí ní nǹkankan. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn, kí n lè gbádùn rẹ̀.

Anđelija ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó jókòó sínú ọkọ̀ mi, kò gbé ojú sókè. Momir ló kọ́ ọ ní ẹja pípa, òun ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn, n ò lè jiyàn rẹ̀. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Momir pa Ìyá Perunika. Mo ní ìtẹ̀ka kì í parọ́. Ó yíjú sí ojú fèrèsé, ó sunkún láìsí ariwo títí a fi dé ilé mi.

Nínú oṣù kejìlá, nígbà àjọ̀dún ẹni mímọ́ ìdílé wọn, ìyá ọkọ mi àtijọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga Momir. Ọmọ náà ló sọ fún mi. Ó ní ìyá àgbà gbé oúnjẹ síwájú àga tó ṣófo náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Mo jẹun tèmi, mo sùn.

Oorun náà ò pẹ́ lọ. Nínú oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè wá sí ilé Kosana, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ìdajì ìlú yẹn ní ìwé kíkà. Fèrèsé ẹ̀yìn ni wọ́n tún gbà wọlé. Irin kan náà ni wọ́n fi já a, àpá rẹ̀ rí bákan náà. Mo fọ́n lẹ́búlẹ́bú sí i, irú ibi tí nǹkan fà kọjá yẹn náà ló yọ. Ìbọ̀wọ́. Èyí ò tì í ṣubú lásán, igi ìdáná ló là mọ́ ọn lórí. Kosana ò kú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ. Obìnrin tó fi ogójì ọdún sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ ilé ìwé, kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

Momir wà ní àtìmọ́lé lọ́jọ́ yẹn.

Velibor ní ẹnì kan ló ń ṣe àfarawé. Ratomir ń ya fọ́tò, ó gbé kámẹ́rà kúrò lójú, ó wò mí. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó gbọ̀n débi pé lẹ́búlẹ́bú dà sílẹ̀.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà Velibor láti jẹ́wọ́. Mo kan ilẹ̀kùn. Kí n tó la ẹnu, ó ní oṣù karùn-ún ni ẹjọ́ Momir, kí n má wá sọ fún òun pé ara mi ò yá, torí ẹ̀rí tèmi nìkan ló gbé ẹjọ́ náà dúró. Ó ní tó bá wó, orí mi ló máa wó lé. Mo ní mo gbọ́, ọ̀gá. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Tí mo bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni kan ṣoṣo tó pa Ìyá Perunika, tó sì lu Kosana. Mo dákẹ́. Àwọn kan ń rò pé ìtẹ̀ka tí mo parọ́ rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èmi mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú jù ú lọ.

Ọjọ́ ẹjọ́ dé. Kóòtù kún, àwọn kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Momir ti rù, kọ́là rẹ̀ ṣófo lọ́rùn. Mo búra. Mo sọ tèmi láì kọsẹ̀, torí mo mọ̀ ọ́n sọ.

Lọ́yà rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Zorka, ní òun ní ẹlẹ́rìí kan. Bàbá arúgbó kan dìde, ó ń fi ọ̀pá rìn. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, mo dá a mọ̀. Sretenije ni. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́wọ́.

Wọ́n ti sọ páálí mi di àwòrán ńlá, wọ́n gbé e kọ́ ògiri. Adájọ́ gbà á láyè láti bi mí ní ìbéèrè. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ṣé igi ni férémù náà. Mo ní igi ni. Ó ní ṣé ọ̀dà ara rẹ̀ ti sán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àpá ọ̀dà tó sán dà nínú àwòrán yìí? Mo ní lẹ́búlẹ́bú kì í gbé gbogbo ẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ní lóòótọ́, kì í gbé gbogbo ẹ̀.

Ó wá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà, lábẹ́ àtàǹpàkò.

"Kí nìyí, ọmọ mi?"

Ìlà kékeré kan wà níbẹ̀, ó tọ́ gbọnrangandan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun kan wà tó tẹ̀ kọrọdọ bíi ìwọ̀ ẹja. Oṣù mẹ́fà ni páálí yẹn fi wà ní ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò nìkan ni mo ń wò. Mi ò rí ohun yẹn rí.

Mo ní ó jọ pé ibi tí wọ́n ti họ igi ni.

Wọ́n gbé àwòrán kejì kọ́, èyí tóbi jù ti àkọ́kọ́ lọ. Sretenije na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó mú gíláàsì omi kan jáde, irú èyí tó wà ní gbogbo ilé ọtí àti gbogbo ọ́fíìsì ní orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n gbẹ́ ìlà sí lára, tí wọ́n sì kọ iye omi tó gbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ìlà kọjú sí ìlà.

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀," ó ní, "kà á fún kóòtù."

Mo ń wo gíláàsì náà. Adájọ́ ní kí n dáhùn.

"Èèjì ni," mo ní.

"Ṣé Ìyá Perunika máa ń kọ èèjì sára férémù fèrèsé rẹ̀ ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, mo gbọ́ tí bírò akọ̀wé kóòtù ń họ ìwé. Mo wojú Velibor. Ó ti yíjú kúrò, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo wojú Ratomir. Òun nìkan ló wò mí padà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé òun ló kọ̀wé sí Zorka pé kó béèrè páálí gan-an, kó má gba fọ́tò rẹ̀ nìkan.

Sretenije jókòó. Bó ṣe ń jókòó, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, pé òun ì bá ti kú kí òun tó rí ọjọ́ òní.

Wọ́n tú Momir sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n fi èmi sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọlọ́pàá kan dúró tì mí, ọmọkùnrin tí mo ti bá mu kọfí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Momir dé iwájú mi, ó dúró. Mo rò pé á tutọ́ sí mi lójú. Mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀.

"Mo parọ́ mọ́ ẹ ní kóòtù lọ́jọ́sí," ó ní. "Mo gbà. Mo fẹ́ kí ọmọ náà dúró tì wá, mo parọ́. Ṣùgbọ́n tèmi, irọ́ aládùúgbò ni, o lè já a, o lè pè mí ní òpùrọ́ lójú ọjà. Tìẹ yìí, Dobrila, ta ló fẹ́ já a? Ìjọba lo fi parọ́."

Ó lọ. Kò súfèé.

Nínú oṣù kẹfà, wọ́n mú Borko, ọkùnrin kan tó máa ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń la igi ìdáná fún àwọn arúgbó. Wọ́n bá ẹ̀gbà Ìyá Perunika nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, lábẹ́ àwọn ìbọ̀wọ́. Wọ́n mú un dé iwájú Kosana. Kosana ò lè sọ̀rọ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún. Tèmi ò lo ju oṣù mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo iye èèyàn tó bá pàdé lọ́nà.

Wọ́n jù mí sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Anđelija wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Bàbá rẹ̀ dúró sí ìta. Mo bi í bóyá ó sọ rí pé ọwọ́ mi ń rùn. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí, ta ló sọ fún mi? Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ó wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Momir ń kọ lẹ́tà sí òun láti àtìmọ́lé, òun ò sì fèsì sí ẹyọ kan. Ó ní òun fi gbogbo rẹ̀ sínú iná láì ṣí i, torí ohun tí mo sọ fún òun nínú ọkọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá ti dárí jì mí," ó ní. "Èmi ni mi ò lè dárí jì ẹ́."

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbóhùn rẹ̀ nìyẹn. Ó ti wọ yunifásítì báyìí. Ojú ìwé ìròyìn ni mo ti rí i.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ló wá tẹ̀ lé e. Ìjọba ní kí wọ́n tún gbogbo ẹjọ́ tí mo ti jẹ́rìí yẹ̀ wò, gbogbo ọdún mọ́kànlá. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti rí ìbuwọ́lù mi, wọ́n fa ìlà pupa sí i. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ òótọ́ ni àwọn yẹn. Àwọn lọ́yà wọ́ lọ sí kóòtù, wọ́n ní ẹni tó lè fi ife omi ṣe fèrèsé, kí ni kò lè ṣe? Wọ́n tú àwọn mẹ́ta sílẹ̀.

Živadin wà lára wọn. Ọ̀bẹ ló fi gún ìyàwó rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà, Ọlọ́run ló ní obìnrin náà ò ní kú. Ìtẹ̀ka rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó náà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Èmi ni mo ká a. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́rin, eékún mi wú. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe, mi ò ṣe èyí tó mọ́ jù ú lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù fún un kó tó jáde. Ó jáde nítorí mi. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn láàárín ọjọ́ méjì.

Mo ti jáde ní ẹ̀wọ̀n. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kó kábéèjì sínú omi iyọ̀ kó lè kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nínú ìlú yẹn náà, torí kò síbi tí mo fẹ́ lọ. Àwọn obìnrin tí a jọ ń gé kábéèjì máa ń gbé oúnjẹ wọn kúrò lórí tábìlì tí mo bá jókòó. Ọlọ́búrẹ́dì kì í fi búrẹ́dì lé mi lọ́wọ́, ó máa ń jù ú sórí káńtà. Ìyá ọkọ mi àtijọ́ rí mi ní ọjà lẹ́ẹ̀kan, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó gba ọ̀nà mìíràn. Ratomir ti fẹ̀yìn tì. Ó máa ń gba iwájú ilé mi kọjá, kì í wo ibẹ̀.

Olóòtú yín ní kí n sọ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwọn òǹkàwé. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń di ọ̀tá sínú, tí ẹ̀ ń dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ yín á tẹ̀ ẹ́, ẹ gbàdúrà kí ọjọ́ yẹn má bá yín lẹ́nu iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ti gbà yín gbọ́. Tèmi bá mi níbẹ̀. Mi ò ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n mìíràn.

Láti ìgbà ìkórè tó kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń gbé kábéèjì wá fún wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó rí mi, ó ṣí fìlà. Živadin ni.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Dobrila," ó ní. "Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

Mo gbé ọ̀bẹ mi sílẹ̀, mo bọ́ sẹ́yìn ilé iṣẹ́, mo bì.

Ó tún wá ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó kí mi. Ó wá ní ìkẹta. Kì í kùnà. Ó máa ń béèrè àlàáfíà mi, ó máa ń ní òtútù ti pọ̀, kí n wọ aṣọ tó nípọn. Nínú gbogbo ìlú yẹn, òun nìkan ló ń kí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá a lóhùn.